Bakitéríà inú yógọ́ọ̀tì: bí ẹ ṣe máa rí i láìfọ́ siláìdì

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Yábàá níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, yógọ́ọ̀tì ló sì wà lórí tábìlì lónìí. Bakitéríà tó sọ mílíìkì di kíkan la fẹ́ rí.

Kóòtù ti wà lọ́rùn, a ti di irun, a ti fọ ọwọ́, ẹ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: yógọ́ọ̀tì tó bá ti wọ láàbù kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Ẹ má tọ́ ọ wò. KÌ Í ṢE OÚNJẸ MỌ́!

Ẹ kán omi sórí siláìdì, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ yẹn, ẹ fi lúùpù (wáyà tín-ín-rín tó ní òrùka lẹ́nu) mú yógọ́ọ̀tì bín-ín-tín, ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ títí ẹ ó fi lè ka ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ki, bakitéríà á gun ara wọn lórí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ wá gbé e kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wéré wéré, kí omi má baà ṣàn wọ́n lọ. Ẹ da methylene blue, aró búlúù tó ń kun bakitéríà, lé e, ìṣẹ́jú 1, ẹ ṣàn án nù, kó gbẹ.

Ó yá, máíkírósíkópù. Ibí gan-an lẹ ti ń fọ́ siláìdì! Ẹ ti ojú bọ awò, ẹ wá ń yí nọ́ọ̀bù ńlá tó ń sún siláìdì àti lẹ́ńsì mọ́ra gìrìgìrì. Rárá o. Ṣé ẹ ti rí dírẹ́bà dánfó tó ń fi ẹ̀yìn wọ àyè tóóró ní Ojúẹlẹ́gbà? Kọ́ńdọ̀ kì í jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń dúró sí, ojú ẹ̀ á wà lára bọ́ńpà: “Máa bọ̀, máa bọ̀… ó tó!” Mo fẹ́ràn kọ́ńdọ̀ yẹn gan-an, torí iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ yọjú kúrò lẹ́nu awò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé siláìdì sún mọ́ lẹ́ńsì oní-10 (èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10). Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wo inú awò, kí ẹ máa fà á SẸ́YÌN títí àwòrán á fi já gaara.

Ẹ bọ́ sí oní-40. Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ọ̀bù kékeré nìkan! Ẹ kán òróró máíkírósíkópù (immersion oil) sórí siláìdì, ẹ yí oní-100 wọ inú rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín lẹ́ńsì yìí àti siláìdì kò tó ìdajì mìlímítà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ láti inú gíláàsì sínú afẹ́fẹ́, ṣe ló máa yà sọ́tọ̀. Òróró yìí ni kì í jẹ́ kó yà. Nọ́ọ̀bù kékeré nìkan, ẹ jọ̀ọ́!

Háà, ẹ wò wọ́n! Àwọn tó gùn bí ọ̀pá yẹn, Lactobacillus ni. Àwọn róbótó tó tò tẹ̀ léra, Streptococcus. Àwọn míì wà tí kì í ṣe ti yógọ́ọ̀tì: Staphylococcus náà róbótó, ṣùgbọ́n òun máa ń ṣù jọ ni. Vibrio tó ń fa onígbáméjì wà lọ́tọ̀: ọ̀pá tó tẹ̀ kọ́rọ́.

Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ má dá oní-40 padà sínú òróró. Bébà lẹ́ńsì lẹ máa fi nu oní-100, kì í ṣe etí kóòtù.