Ọgbà Wáyà Tó Ń Ju Ológbò Sẹ́yìn

Ẹ wo òkè ọgbà wáyà yìí dáadáa. Ó tẹ̀ síta, ó sì rọ̀. Bí ológbò bá gùn ún débẹ̀, wáyà á tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, á sì jù ú padà síbi tó ti wá. Nísàlẹ̀, wọ́n tẹ́ wáyà olójú wínníwínní mọ́lẹ̀ kí ehoro má bàa gbẹ́ ihò wọlé.

Arid Recovery lẹ ń wò yìí, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, nítòsí ìlú Roxby Downs, ní ìpínlẹ̀ South Australia, lórílẹ̀-èdè Australia. Ilẹ̀ àwọn Kokatha ni, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia. Ọdún 1997 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n sì sọgbà yí ká ti tó kìlómítà onígun mẹ́rin 123.

Ẹran ọ̀sìn ló ń jẹko níbí tẹ́lẹ̀. Kíkó ẹran kúrò ì bá tó, ṣùgbọ́n ehoro wà níbẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan ló tú díẹ̀ sílẹ̀ ní Victoria, ìpínlẹ̀ míì ní Australia, lọ́dún 1859, torí kó lè máa rí nǹkan yìnbọn fún. Ẹ gbọ́ eré o! Igi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú ilẹ̀, ehoro á ti gé e jẹ. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ ní í rọ́pò ẹ̀; igi tiwọn ò rọ́mọ fi rọ́pò. Ológbò ìgbẹ́ àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, táwọn òyìnbó náà kó wá, sì ń pa ẹran kéékèèké jẹ.

Nínú kìlómítà onígun mẹ́rin 60, wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò pátápátá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dá àwọn ẹran tó ti pòórá padà. Bilby wà lára wọn, etí ẹ̀ gùn bíi ti ehoro, òru ló sì ń jáde. Bettong náà dé, ìbátan kangaroo tó ń gbé inú ihò.

Bettong yìí ló wá di wàhálà. Nǹkan bí 30 ni wọ́n kó wá, wọ́n sì bí sí i títí wọ́n fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ni wọ́n bá ń jẹ igbó táwọn èèyàn ń tọ́jú! Wọ́n wá ṣe ilẹ̀kùn kéékèèké sára ọgbà: bettong lè gbabẹ̀ jáde, kò lè gbabẹ̀ wọlé.

Ológbò sì wà níta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ̀ọ́mọ̀ fi ológbò díẹ̀ sí apá kan lára ọgbà yìí kan náà, tí kò sí lára kìlómítà 60 yẹn, kí bettong àti bilby lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún un.