Ìfẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Ta Ló Ń Buwọ́ Lùwé Ta?

Ẹ kú ìjókòó o. Bẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan níbi iṣẹ́ tí wọ́n ń da omi sí gàrí Ìjẹ̀bú nínú abọ́ kan ṣoṣo lọ́sàn-án, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ṣé ó lòdì sófin?

Rárá. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò ní kí òṣìṣẹ́ méjì má fẹ́ra. Ìwé ìlànà iléeṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ wò, èyí tí ọ̀pọ̀ wa buwọ́ lù láìkà.

Ẹ jẹ́ ká wọ báńkì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí owó tí oníbàárà fẹ́ gbà bá pọ̀, ẹni tó wà ní káńtà á tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíì ló máa fọwọ́ sí i kówó tó jáde. Ńṣe ni wọ́n ń ṣọ́ra wọn. Bí àwọn méjèèjì bá wá ń fẹ́ra, ta ló kù tó ń ṣọ́ ta? Ìdí nìyẹn táwọn báńkì kan fi máa ń ní kí ọ̀kan nínú tọkọtaya kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. (Ẹ kúkú mọ ẹni tí ẹbí máa ń tì síwájú.) Lójú tèmi, kí wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí ẹ̀ka Ṣágámù ti tó.

Ti ọ̀gá àti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló le jù. Ẹni tó ń kọ̀wé ìgbéga yín, tó ń fún yín nísinmi, bó bá ní òun fẹ́ yín, "bẹ́ẹ̀ ni" yín lè má tọkàn wá. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, tó wá ń fi iṣẹ́ ni yín lára, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́ mọ́. Àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti 2010 fún National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ lẹ́nu níbi iṣẹ́. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp yẹn rẹ́ o.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi í pa mọ́. Ìjẹ̀bú la wà! Ọ̀gá yín àti àbúrò bàbá yín lè jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tọ́jọ́ orí wọn sún mọ́ra. Tó bá dọjọ́ kẹta Iléyá, tí wọ́n jọ wọṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba, ọ̀rọ̀ ti délé. Ẹ tètè fẹnu ara yín sọ fún ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Ohun kan wà táwọn olólùfẹ́ kì í rántí: owó ẹ̀yáwó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iléeṣẹ́ kì í sábà yáni lówó láìsí onídùúró, olólùfẹ́ ló sì máa ń sáré buwọ́ lùwé. Bí ìfẹ́ bá tú, fọ́ọ̀mù yẹn ò tú. Bí onítọ̀hún bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìsan gbèsè tán, owó oṣù tiyín ni akápò máa gé e nínú. Ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì dúró fún un.