Ìgbín Mélòó Ló Wà Nínú Ọgbà Yìí?

Ẹ jẹ́ ká ní ọgbà kan wà níwájú yín, tí ìgbín kún inú ẹ̀. Mélòó ni wọ́n? Ẹ ò lè ṣà wọ́n tán. Àwọn kan wà lábẹ́ ewé, àwọn míì ti wọlẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ecology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ohun alààyè ṣe ń bá ara wọn àti àyíká wọn gbé, á ṣa 50, á fi ọ̀dà díẹ̀ sí ìkarahun ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì dá wọn padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á tún lọ ṣa 40. Ká ní 10 nínú wọn ló ní ọ̀dà lára. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Á jẹ́ pé 50 tó kọ́kọ́ kùn náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo wọn: nǹkan bíi 200 ló wà níbẹ̀. Tí òjò bá wá fọ ọ̀dà dànù ńkọ́? Irú ìbéèrè tí olùkọ́ máa bi yín nìyẹn.

Mo fi èyí ṣáájú torí pé ìfẹ́ ẹranko ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ecology àti ẹfolúṣọ̀n (bí àwọn ohun alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran) ní yunifásítì, ìṣirò á wá ká wọn mọ́. Kẹ́mísírì, ìṣirò, bàyọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ apilẹ̀ àbùdá ló sábà máa ń gba ọdún àkọ́kọ́. Ẹ tún máa fi kọ̀ǹpútà tú dátà palẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó tó yan ohun tó wù yín: ẹyẹ, ewéko, kòkòrò tàbí àìsàn tó ń ràn.

Kí ló dé tí wọ́n fi so ecology mọ́ ẹfolúṣọ̀n? Ẹ wo Daphne Major, erékùṣù kékeré kan ní Galápagos, lórí òkun Pàsífíìkì. Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹyẹ finch, ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ hóró, níbẹ̀ lọ́dún 1973. Ní 1977, ọ̀dá dá. Àwọn ẹyẹ jẹ hóró kéékèèké tán, ó wá ku àwọn ńlá tó le koko. Èyí tí àgógó ẹnu ẹ̀ kéré ò rí i fọ́, ebi sì pa ọ̀pọ̀ wọn kú. Àwọn tí àgógó ẹnu wọn tóbi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù láti pamọ, àwọn ọmọ náà sì jogún ẹnu ńlá. Ọ̀dá àti oúnjẹ tó wọ́n, ecology nìyẹn. Ẹnu tó yí padà láti ìran kan sí èkejì, ẹfolúṣọ̀n nìyẹn. Ẹ ò lè lóye ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń yan yunifásítì, ẹ béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí ò tíì gboyè máa ń ráyè ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí. Ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń lò nínú igbó tàbí létí omi, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ń sanwó ìrìn àjò náà.