Ẹ Pe Ara Yín Lórúkọ Kẹ́ Ẹ Tó Wọ Ìpàdé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àwa táwọn èèyàn ń wò lójú la fẹ́ sọ lónìí: ọ̀gá iléèwé, alága ẹgbẹ́, ìyá tó ní ọmọọṣẹ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ lè ṣe kí ọkàn yín lè balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo mú wá. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ tètè sùn, kẹ́ ẹ mumi. Ẹ ti mọ ìyẹn. Inú orí la ti máa ṣiṣẹ́, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó wọ ìpàdé, kẹ́ ẹ tó dá oníbàárà tó ń bínú lóhùn, ẹ pe ara yín lórúkọ, kẹ́ ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè. Orúkọ o! Kì í ṣe "èmi". Ní tèmi, oríkì mi ni mo máa ń lò, torí kò sẹ́ni tó ń fi oríkì pè mí tí kò fẹ́ràn mi. "Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń já ẹ láyà? Kí lo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹ kí wọ́n tó dìde?" Ó tán.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ethan Kross, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Michigan l'Amẹ́ríkà, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2014. Wọ́n ní káwọn èèyàn wá sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, wọn ò sì fún wọn láyè tó pọ̀ láti múra. Kí wọ́n tó bọ́ síwájú, àwọn kan ń fi "èmi" bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan ń fi orúkọ ara wọn. Àwọn tó lo orúkọ ló sọ̀rọ̀ dáadáa jù, ìtìjú ò sì bá wọn délé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ parí ìpàdé láago méjì ọ̀sán, tẹ́ ẹ ṣì ń ro ohun tẹ́ ẹ wí láago méjì òru, ṣé ẹ gbọ́?

Kí ló fà á? Ayò ni mo fi máa ń ṣàlàyé ẹ̀, mo fẹ́ràn ayò jù. Ẹ lọ sábẹ́ igi níbi táwọn bàbá ti ń ta á. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ojú ọpọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ẹni tó ń ta á ti kó ọmọ sọ́wọ́, ó ń làágùn, kò rí i pé wọ́n ti fẹ́ jẹ ẹ́ nílé tó wà ní ìkángun. Òǹwòran tó dúró sẹ́yìn ẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà jẹ́jẹ́, ti rí i tipẹ́! Ṣé ó gbọ́n ju ẹni tó ń ta á lọ ni? Rárá o. Kò kàn sí nínú ìjà ni. Bẹ́ ẹ bá pe ara yín lórúkọ, ẹ ti dìde lórí àpótí nìyẹn, ẹ ti lọ dúró ti ẹlẹ́pà.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe rè é, ẹ dákun ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ máa pe orúkọ tán, ẹ máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ara yín: "Àbẹ̀kẹ́ kìnnìún! Kò sẹ́ni tó lè mú ẹ!" Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? ÌBÉÈRÈ ni mo wí. ÌBÉÈRÈ! Lọ́dún 2009, Joanne Wood, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà ní káwọn èèyàn máa tún ọ̀rọ̀ dídùn nípa ara wọn sọ. Àwọn tí ò ka ara wọn sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ṣe ni inú wọn tún bà jẹ́ sí i. Ọkàn yín kì í ṣe ọmọdé; bẹ́ ẹ bá purọ́ fún un, á já yín ní koro. Ẹ bi í léèrè: kí lo ti ṣe rí tó jọ èyí? Ta lo lè pè? Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ti pé kéèyàn dúró níwájú dígí, kó fọwọ́ lé ìbàdí, kó lè nígboyà ńkọ́? Ẹ fi yẹn sílẹ̀. Dana Carney, ọ̀kan lára àwọn tó gbé e jáde lọ́dún 2010, òun fúnra ẹ̀ ló sọ lọ́dún 2016 pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́.

Èkejì, èyí la máa jà lé lórí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan gidi, ẹ sọ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é pé: "Ká ní oṣù mẹ́fà ti kọjá, nǹkan yìí sì ti bà jẹ́ pátápátá. Kí ló bà á jẹ́?" Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Harvard Business Review lọ́dún 2007. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ẹnì kan á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ẹlòmíì á fọwọ́ yí orí ká, á ta ìka dànù. Ẹ̀kẹta á ní ẹ ń ṣépè. Ẹ jọ̀ọ́! Ṣé àwọn baba wa kì í dífá kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan? Bí Ifá bá ní ewu wà ńbẹ̀, ṣé wọ́n á ní babaláwo ń ṣépè fáwọn ni? Ohun tí wọ́n máa rú ni wọ́n á bi í!

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá ti lanu, gbogbo wọn á ní "bẹ́ẹ̀ ni mà". Ọmọkùnrin tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láràárọ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ò ní pẹ́ kú.

Ẹ̀kẹta, kíákíá. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1999: ẹ fi "bí" sínú ètò yín. "Bí ẹnì kan bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, màá dákẹ́, màá sì parí gbólóhùn mi." "Bí ọ̀rọ̀ kan bá bí mi nínú lórí WhatsApp, màá gbé fóònù sílẹ̀ títí màá fi jẹun tán." Ẹ má wá sọ fún mi pé "màá máa ní sùúrù". Nígbà wo? Níbo? Pẹ̀lú ta ni?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí: ṣé kéèyàn sọ̀rọ̀ yẹn síta ni? Lọ́fíìsì àti nínú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ sínú. Nílé, ẹ lè sọ ọ́ síta, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fáwọn ará ilé ṣáájú o. Bí ìyá ọkọ yín bá gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń pe orúkọ ara yín ní balùwẹ̀, tẹ́ ẹ tún ń dá a lóhùn, wọ́n á ti ránṣẹ́ pe pásítọ̀ kẹ́ ẹ tó nura tán.