Ìbéèrè Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ̀yin ọmọ Sábẹ̀, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ mi. Ilé ìdáná ni mo wà. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni, ẹ má bínú. Òru ni owó iná máa ń wálẹ̀ nílé wa ní Lyon níbí. Àwọn ọmọ ti sùn, ìyá wọn wà níbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tòní ti wà nínú mi láti ọjọ́ tí ilé ìwé ọmọ mi obìnrin ti ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Wọ́n ní kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé bó bá dáhùn báyìí, kò ní pẹ́ tó fi máa yí i padà. Wọ́n wá ní kí obìnrin kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ọmọdé yẹ̀ ẹ́ wò, kí n wá jókòó tì wọ́n. Àga tí wọ́n fún mi kéré débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Obìnrin yìí gbé ife méjì tó dọ́gba síta, ó bu omi sí méjèèjì. Ó ní ṣé omi wọn dọ́gba. Ọmọ mi ní ó dọ́gba. Ó da omi ife kan sínú ife kẹta, èyí tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn igo. Ṣé ó ṣì dọ́gba? Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Orí mi wú. Àfi bí obìnrin náà ṣe tún rọra bèèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ọmọ mi wo ojú rẹ̀. Ó yíjú wo èmi náà. Ó tún wo ife gígùn yẹn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹran. Ó ní, "Èyí tó ga ló pọ̀ jù."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ojú tí ọmọ yẹn fi wò mí, mo mọ̀ ọ́n. Ojú èmi gan-an ni. Nílé ìwé tí mo lọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní gbogbo nǹkan. Olùkọ́ á ní mélòó ni méje lọ́nà mẹ́jọ, ọwọ́ á nà sókè gbùà. Ẹni tí wọ́n pè á ní 56. Bí olùkọ́ bá ti wò ó tó ní "Tu es sûr ?", ìyẹn "Ṣé ó dá ẹ lójú?", kíá ni yóò ti wá òǹkà mìíràn mú, àwa tó kù á sì máa rọra sọ ọwọ́ wa kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń ro ti méje àti mẹ́jọ mọ́. Ohun tá a mọ̀ ni pé àgbàlagbà kì í bèèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lásán. Bákan náà ló rí nílé. Bí bàbá mi bá ní "Ta ló ṣí ìkòkò ọbẹ̀?", ìbéèrè nìyẹn. Bó bá tún un bèèrè, ẹjọ́ ti dé.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru. Ọwọ́ Jean Piaget ni ọ̀rọ̀ omi àti ife yẹn ti wá, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ọmọ Switzerland tí wọ́n bí ní Neuchâtel ní 1896. Bàbá yìí jókòó ti àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n wà ní ìkókó, Jacqueline, Lucienne àti Laurent, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. (Èmi rèé tí mi ò rántí ọjọ́ tí àwọn tèmi kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀.) Ohun tó rí ni pé kí ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún méje, ojú ló ń tàn án: omi tó bá ga lójú rẹ̀, òun ló pọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Àbúrò ọmọ mi yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan, ẹ bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ife gígùn ló máa gbé.

Àmọ́ ní 1974, Susan Rose àti Marion Blank ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tó rọrùn débi pé èmi nìkan bú sẹ́rìn-ín nílé ìdáná yìí. Wọ́n yọ ìbéèrè kan kúrò. Wọn ò bèèrè ohunkóhun kí wọ́n tó tún nǹkan tò lójú ọmọ. Ìgbà tí wọ́n tò ó tán ni wọ́n bèèrè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ bí ọmọ ọdún mẹ́fà tó dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ sì pọ̀ sí i. Láàárín ìgbà yẹn náà, ní Scotland, James McGarrigle àti Margaret Donaldson ní kí bèbí béárì kan "ṣèèṣì" da ìlà nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò rú. Nígbà tó jẹ́ bèbí ló dà á rú, ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọ balẹ̀, wọ́n ní iye rẹ̀ kò yí padà. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló fọwọ́ kàn án, ọmọ á ti máa wá ìdí tó fi fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè nìkan kọ́ lọmọ ń dáhùn, ẹni tó ń bèèrè ló ń wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, a ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa àwọn tó ń gbé súìtì síwájú ọmọ, tí wọ́n á ní bó bá lè dúró láìjẹ ẹ́, á gba méjì. Ní 2013, Celeste Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí apá kan nínú ọmọ 28 rí i pé àgbàlagbà tó wà lọ́dọ̀ wọn ń mú ìlérí ṣẹ, apá kejì sì rí i pé kì í mú un ṣẹ. Àwọn àkọ́kọ́ dúró bí ìṣẹ́jú 12, àwọn kejì bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi? Puff-puff ni wọ́n gbé síwájú àwọn ọmọ Nso ní Kamẹrúùnù, ọmọ ọdún mẹ́rin mẹ́rin: nínú ọgọ́rùn-ún, bí àádọ́rin ló dúró, nígbà tí ti Jámánì kò tó ọgbọ̀n. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ Kétu tí wọ́n gbé bísíkíìtì fún nílé ẹlòmíràn, ṣé kì í ṣe ojú ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò ni?

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ti Senegal ni. Patricia Greenfield gbé omi àti ife lọ sáàárín àwọn ọmọ Wolof, ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1966. Nínú àwọn tí kò lọ ilé ìwé, àwọn kan ní omi náà kò dọ́gba mọ́, nítorí pé ìwọ lo dà á. Òyìnbó ló dà á o! Ta ló mọ ohun tí ọwọ́ òyìnbó ń fi omi ṣe? Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn dà á, àwọn tó ní ó dọ́gba pọ̀ sí i gidigidi.

Mo ti kà á tán kí a tó lọ sílé nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n kò sí lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ń ta gàrí lọ́jà Kétu. Ọmọ mi jókòó tì í láti àárọ̀, eruku pupa ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Oníbàárà kan gba agolo mẹ́ta, wọ́n dà á sínú abọ́ rẹ̀ tó fẹ̀, gàrí náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀. Obìnrin náà fa ojú ro, ó ní ó kéré. Ìyá mi kò jà. Ó na agolo sí ọmọ mi, ó ní, "Bá mi wọ̀n ọ́n padà."

Ọmọ náà wọ̀n ọ́n. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kó orí agolo jọ bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó ti ahọ́n síta. Ó ní mẹ́ta ni. Oníbàárà ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ọkàn mi fò. Ọmọ yìí yí agolo dojú dé, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀, kí obìnrin náà lè rí i pé wọn ò tì í wọnú bí àwọn ọlọ́jà kan ti ń ṣe. (Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Ọjọ́ kan péré ló lò lọ́jà o.) Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń gba imú jáde sọ pé, "Èmi ni mo wọ̀n ọ́n." Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi bu ènì lé e fún oníbàárà. Ìyẹn gan-an ló wá bí ọmọ mi nínú. Títí a fi délé ló ń bi mí ìdí tí ìyá àgbà fi fi kún un nígbà tó ti pé.

Mi ò tíì padà lọ bá obìnrin onífe yẹn. Mi ò rò pé ó ṣe ohun tó burú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bóyá n ó lọ lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, kí n ní kó gbé ife fún ọmọ náà kó fọwọ́ ara rẹ̀ dà á.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé mo ti kọ́gbọ́n o. Lálẹ́ yìí, kí n tó ti àwọn ọmọ sórí ibùsùn, mo bi ẹ̀gbọ́n pé, "Ṣé o ti fọ eyín?" Ó ní òun ti fọ̀ ọ́. Mo ní, "Ṣé o ti fọ̀ ọ́ lóòótọ́?" Ó dìde jókòó. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni, àbí ẹ ò gbà mí gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo pa iná. Mo gba balùwẹ̀ kọjá, mo fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Omi ṣì wà lára rẹ̀.