Ilé Àwọn Awakùsà Rhyd-y-car: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Ọ àti Bí Ó Ṣe Ń Yí Padà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́lá kankan kò fi í ṣe ibùgbé. Ọ̀kan ni lára àwọn ilé tí Richard Crawshay, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ irin Cyfarthfa ní ìlú Merthyr Tydfil ní gúúsù ilẹ̀ Wales, kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1795 sí Rhyd-y-car, fún àwọn tí ń wa òkúta irin fún un. Èrò mi ni pé ìṣirò ọ̀gá iṣẹ́ hàn kedere nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà, ṣùgbọ́n inú ohun tí àwọn ayálégbé rẹ̀ ṣe sí i ni a ti lè mọ ìgbésí ayé òṣìṣẹ́.

Ní ọdún 1794 ni wọ́n parí odò àtọwọ́dá tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kó irin láti Merthyr lọ sí èbúté Cardiff. Àwọn ará oko bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ ìlú láti wá iṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí iye ènìyàn tí ó jẹ́ 7,705 ní 1801 fi kọjá 46,000 ní 1851. Ẹni tí ó bá fẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà ní láti wá ibi tí wọn yóò sùn sí.

Crawshay kò náwó ní ìnákúnàá. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri, wọ́n sì to àwọn ilé náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ògiri kan lè sìn fún ilé méjì. Bí ènìyàn bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yàrá tí ààrò wà ni ó bọ́ sí, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń yáná. Àtẹ̀gùn òkúta tóóró kan lọ́ gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà lọ sí yàrá kan ṣoṣo tí ó wà lókè. Lẹ́yìn ilé, òrùlé náà kò dúró níbi tí ògiri gíga parí sí, ńṣe ni ó dagun wálẹ̀ títí ó fi bo yàrá kékeré kan àti ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Irú òrùlé yìí kì í ṣe àrà ìlú onírin, nítorí ó ti wà lára ilé àwọn àgbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lójú tèmi, òye oko ni àwọn mọlémọlé fi yanjú ọ̀ràn ìlú.

Ọwọ́ ẹni tí ń san owó iṣẹ́ náà ni owó ilé ń padà sí. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ kọ́tàsì rélùwéè ṣe rí ní Èbúté Mẹ́tta kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Kò sí omi ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí àrùn onígbáméjì sì jà ní 1849, ó pa ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ ní Merthyr.

Lẹ́yìn tí omi ya wọ àwọn ilé náà ní 1979, wọ́n tú mẹ́fà nínú wọn, wọ́n sì tún wọn tò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans, lẹ́bàá Cardiff, níbi tí wọ́n ti ṣí wọn fún aráyé ní 1987. Ìpinnu tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọn kò dá gbogbo rẹ̀ padà sí ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n ṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgbà rẹ̀ bí yóò ti rí ní 1805, 1855, 1895, 1925, 1955 àti 1985, kí àlejò lè máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì, kí ó rí i bí ohun èlò ṣe ń pọ̀ sí i láàárín ògiri tí kò fẹ̀ sí i.

Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá o. Àárín igi àti koríko tútù ni àwọn ilé náà wà báyìí, láìsí èéfín ìléru, láìsí ariwo iṣẹ́, ẹni tí kò bá sì ṣọ́ra lè rò pé ayé ìrọ̀rùn ni wọ́n jẹ níbẹ̀. Ilé ti 1985 ni ó ń yà mí lẹ́nu jù: nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀ fún àwọn tí ó wá wò ó, ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé òde òní ń wò ó sí, bí wọ́n ti ń wo ti 1805.