Ìtìjú Kọ́ Ni: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Kukang, Ẹranko Òru Erékùṣù Java

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹranko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í sábà wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ. Òru ni ó ń jẹ̀, erékùṣù Java ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà nìkan ni ẹ̀yà rẹ̀ yìí sì wà. Kukang ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nycticebus javanicus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀, tí wọ́n kà á mọ́ ẹbí ọ̀bọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìrù tí ojú ń rí, tí kì í sì í fò láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. (Ó ní ìbátan nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní potto, tí òun náà ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rìn lórí igi lóru.)

Àwọn ará Indonéṣíà tún máa ń pè é ní malu-malu, èyí tí ó túmọ̀ sí onítìjú, nítorí pé bí ó bá rí ènìyàn, a máa ká ara rẹ̀ jọ, a sì máa fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé ìtìjú kọ́ ni. Nínú apá rẹ̀, díẹ̀ sókè ìgúnpá, ibì kan wà tí omi olóòórùn kan ti ń sun jáde. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò gbé apá méjèèjì sókè, yóò lá omi náà, itọ́ ẹnu rẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di oró, èyí tí yóò fi eyín iwájú ìsàlẹ̀, tí ó tò gbọọrọ bí eyín òòyà, gún ẹni tí ó bá dí i lọ́wọ́. Ara ohun tí ó wà nínú omi náà jọ èyí tí ó wà lára ológbò, tí ń mú kí àwọn kan máa sín tí ológbò bá sún mọ́ wọn. Oró rẹ̀ lè mú kí ara ènìyàn wú, kí èémí sì ṣòro láti mí. Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí Anna Nekaris, onímọ̀ nípa ẹbí ọ̀bọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé àwọn kukang fúnra wọn ni wọ́n ń ta ní oró jù, nígbà tí wọ́n bá ń jà nítorí ilẹ̀ tàbí nítorí akọ tàbí abo tí wọ́n fẹ́ bá gùn.

Ní ọdún 2009, fídíò kan jáde lórí YouTube níbi tí wọ́n ti ń rin irú ẹranko yìí ní abíyá, tí ó sì gbé apá sókè gangan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń gbádùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra ọ̀kan. Ẹ̀yin náà ti mọ ìdí tí apá fi gòkè. Ní ọdún 2013, olórin Rihanna ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀kan ní Phuket ní ilẹ̀ Thailand, ó sì gbé e sórí ìkànnì ayélujára; ọlọ́pàá ibẹ̀ mú ènìyàn méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Láti ọdún 2007 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti ka òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀, òfin Indonéṣíà ọdún 1990 sì fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún márùn-ún lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá tà á, kí wọ́n tó mú ìjìyà náà le sí i ní ọdún 2024. Síbẹ̀ fàyàwọ́ kò dáwọ́ dúró, ní ọjà àti lórí Facebook. Kí ó má baà bu oníbàárà jẹ, àwọn oníṣòwò máa ń fi irin ìgékánná gé eyín rẹ̀ láìlo oògùn ìpara-kú. Egbò náà a máa kẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń ti ibẹ̀ kú. Èyí tí kò kú kò ní lè padà sí igbó mọ́, nítorí eyín yẹn ni ó fi ń gbẹ́ èèpo igi láti jẹ oje rẹ̀.

Ní ìgbà kan, èèwọ̀ ń ṣọ́ ẹranko náà ju òfin lọ: àwọn ará Sunda ní ìwọ̀ oòrùn Java gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kán sílẹ̀, àjálù yóò bá ilẹ̀ náà. Èmi kò rò pé èèwọ̀ nìkan lè dojú kọ owó.

Ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 150 ni ó ń gbé ní Java, igbó ibẹ̀ sì ti pẹ́ tí ó ti di oko, nítorí náà inú oko ni ọ̀pọ̀ kukang ń gbé. Ní abúlé Cipaganti, lágbègbè Garut, níbi tí Nekaris àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011, inú ọparun ni àwọn kukang ń sùn lọ́sàn-án, wọn a sì máa lá omi dídùn inú òdòdó kaliandra tí àwọn àgbẹ̀ gbìn sí eteetí oko. Ibi tí igi ti jìnnà sí ara wọn ni wàhálà wà fún ẹranko tí kì í fò, nítorí yóò ní láti sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ajá wà. Nekaris àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ta rọ́bà omi láti igi dé igi. Àgbẹ̀ ń fi í bomi rin ewébẹ̀, kukang sì ń gba orí rẹ̀ kọjá lóru. Àgbẹ̀ tí ó bá nílò omi kò ní já rọ́bà náà, ìdí nìyí tí mo fi fọkàn tán ètò yìí ju ìkìlọ̀ lọ.